Bí Obìnrin Tó Dá Rìnrìn Àjò Ṣe Lè Dáàbò Bo Ara Rẹ̀ ní Òtẹ́ẹ̀lì

Oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Kùtọnu, olùkọ́ tí wọ́n pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní Àkúrẹ́, nọ́ọ̀sì tó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Àbújá, gbogbo wọn ni iṣẹ́ lè sọ di àlejò òtẹ́ẹ̀lì láìsí ẹni tó bá wọn lọ. Síbẹ̀, ojú tí a fi ń wo obìnrin tó bá dá gba yàrá nílùú wa kò tíì yí padà tán. Mẹ́gáàdì á bi í pé ta ló wá rí. Ẹni tó ń gba àlejò á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀. Ìtìjú tí ìwòkuwò yẹn ń fà ni mo kà sí ewu àkọ́kọ́, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí obìnrin sọ pé yàrá tí wọ́n fún òun kò tẹ́ òun lọ́rùn, òun náà ni kì í jẹ́ kó pariwo nígbà tó yẹ kó pariwo. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, ì báà jẹ́ lórí kọ́kọ́rọ́ tàbí lórí fèrèsé, kò lè wúlò fún ẹni tí ojú bá ń tì láti lò ó.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín yan òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa dé sí, kí ẹ sì fi owó ara yín san án. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọ̀dọ́bìnrin oníṣòwò kan wá sí Èkó láti ra ọjà. Àwọn tó mọ̀ lórí Facebook ló mú un lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac, inú yàrá ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó tó dájọ́ ikú fún ọkùnrin méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ilẹ̀kùn tó lè gbani lọ́wọ́ ẹni tó ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání kí a tó dé. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣòwò bá ní òun ti bá yín sanwó yàrá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án níbi tí èrò wà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan máa ń wà níbi ìgbàlejò títí ilẹ̀ á fi mọ́, bóyá wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ lóru, àti bóyá ilẹ̀kùn yàrá ní ìdábùú tí a lè tì láti inú. Ìbéèrè nípa jẹnẹrétọ̀ yẹn kì í ṣe ti ooru nìkan. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá ń pa á ní aago méjìlá òru ń pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti kámẹ́rà aṣọ́lé mọ́ ọn, àfi bí wọ́n bá ní bátìrì tó ń gbé wọn. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ti rí ìdáhùn gbà nìyẹn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá bí ẹ bá ń gba ọ̀nà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti lè sọ ìrìn wákàtí méjì di wákàtí márùn-ún. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà yàrá, ẹnì kan péré ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ẹni tó máa gbé fóònù bí ẹ bá pè é ní aago méjì òru. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp kọ́ ni ẹni yẹn. Àwòrán bẹ́ẹ̀dì aláṣọ funfun tí ẹ fẹ́ gbé síbẹ̀ lè dúró dìgbà tí ẹ bá padà délé.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo dé òtẹ́ẹ̀lì kan, ní ìlú tí mi ò ní dárúkọ, ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi ké sí ọmọ iṣẹ́ kan pé, “Bá màdámù gbé báàgì wọn lọ sí 204 o, àwọn nìkan ni.” Bó ṣe sọ “àwọn nìkan ni” yẹn tán, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù sì yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀ níwájú wọn, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo bá ọmọ náà gòkè. Ní aago mọ́kànlá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn 204, ó ní òun fẹ́ kí mi kú àbọ̀. Mi ò ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mi ò sùn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ibi ìgbàlejò ni ògiri ti lanu.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pariwo nọ́ńbà yàrá mi létí àlejò mìíràn, mo máa ń dá kọ́kọ́rọ́ náà padà lójú ẹsẹ̀, màá sì ní kí wọ́n fún mi ní yàrá mìíràn, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé kí n fi ojú kà á. Kò sí àríwísí nínú rẹ̀ bí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ẹ yan àjà kejì tàbí ìkẹta, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tí èèyàn lè yọjú wọlé láti ìta, kó má sì jẹ́ ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kọjá. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ pátákó tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ẹ má gbé e sórí tábìlì bí ẹ bá ń jẹun nísàlẹ̀. Inú báàgì ni ààyè rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n máa ní kí ẹ kọ, orúkọ ìdílé àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ yín ti tó fún ohun tí ojú gbogbo ayé lè rí.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yàrá yìí, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008. Ọkùnrin kan tó ń dọdẹ Erin Andrews, oníròyìn eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n, ní kí òtẹ́ẹ̀lì tí obìnrin náà dé sí fún òun ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì fún un. Ó tú ihò ìyọjúwò tó wà lára ilẹ̀kùn obìnrin náà, ó yí i padà, ó sì gba ibẹ̀ ya fídíò rẹ̀ níhòòhò. Ní 2016, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá mílíọ̀nù 55 dọ́là lé ọkùnrin náà àti àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà lórí. Ẹ sọ ọ́ ketekete, nígbà náà, pé kí wọ́n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọkọ yín, àti pé ìsàlẹ̀ ni kí ẹni tó bá wá wò yín ti dúró. Ihò ìyọjúwò yẹn ńkọ́? Ẹ ká tíṣù díẹ̀, kí ẹ fi dí i, kí ẹ máa yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọjú.

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ fi báàgì ti ilẹ̀kùn kó má lè padé, kí ọmọ iṣẹ́ tó gbé ẹrù dúró síta, kí ẹ wo ilé ìwẹ̀, inú wọ́dúróòbù, ẹ̀yìn kọ́tìnì àti bàkónì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dojú kọ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òru ọjọ́ yẹn dá lé. Ẹ tì í, kí ẹ fà á pẹ̀lú agbára. Ẹ fi ìka mi irin ìdábùú wò bóyá ṣúkúrù rẹ̀ pé. Mo ti rí ibi tí mẹ́rin yẹ kó wà tí ó ku ẹyọ kan. Ẹ wo ara férémù níbi tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀: bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n fi nǹkan lẹ̀, tàbí tí pákó ibẹ̀ tuntun ju ìyókù lọ, ẹnì kan ti já ilẹ̀kùn yẹn rí, wọ́n sì kàn tún un kùn ni. Ẹ gba yàrá mìíràn. Bí ó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ onírin àtijọ́ ni, ẹ má ṣe gbàgbé pé ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá lè ti gbẹ́ irú rẹ̀. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ nínú ihò lóru, kí ẹ yí i díẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ mìíràn má lè ráyè wọlé láti ìta. Ó dára bẹ́ẹ̀ náà fún ọ̀ràn iná, nítorí ẹ kò ní máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri nínú èéfín.

Káàdì tí a fi ń ṣílẹ̀kùn ní ìtàn tó kan obìnrin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, lẹ́yìn tí olórin Connie Francis ṣeré tán nítòsí New York, ẹnì kan wọ yàrá rẹ̀ ní ibi tó dé sí, ó sì fipá bá a lò. Ilẹ̀kùn gíláàsì tí a ń fà ni ó gbà wọlé, irú èyí tó dà bí ẹni pé wọ́n tì í ṣùgbọ́n tí èèyàn lè ṣí láti ìta wẹ́rẹ́. Olórin náà pe àwọn tó ni ibẹ̀ lẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún un ní 1976. Ìròyìn yẹn wà lára ohun tí wọ́n ní ó mú Tor Sørnes, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ronú kan káàdì tí a lè máa yí àmì rẹ̀ padà fún àlejò kọ̀ọ̀kan. Ó sàn ju kọ́kọ́rọ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe odi. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé àwọn lè ṣí irú ẹ̀rọ ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ń pè ní Saflok, tó wà lára ilẹ̀kùn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta káàkiri ayé, kódà ìdábùú tó bá so mọ́ ẹ̀rọ náà yóò ṣí pẹ̀lú rẹ̀. Ṣéènì tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn lọ́tọ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹ̀rọ kankan.

Bí kò bá sí ṣéènì, káfíńtà àdúgbò yín lè gé pákó kékeré kan fún yín, kó fẹ́lẹ́ níwájú kó nípọn lẹ́yìn, kí ẹ lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì gbígbó mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà máa yọ̀ lórí táìlì. Ẹ tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí sínú, bí ẹni tó wà níta bá ṣe ń tì í tó ni yóò ṣe máa há sí i. Ó máa ń wà nínú báàgì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Fún fèrèsé gíláàsì tí a ń fà, tó kún inú òtẹ́ẹ̀lì wa báyìí, igi mọ́ọ̀pù tí a gé kó bá ojú irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ mu tó láti dè é. Irin tí wọ́n fi dábùú fèrèsé ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí mo máa ń kọminú sí: ó ń lé olè, ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó, ó ń ti àlejò mọ́lé. Ẹ bèèrè bóyá ó ní ibi tó ń ṣí, kí ẹ sì ka iye ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá yín àti àtẹ̀gùn, kí ẹ lè fọwọ́ tá a dé ibẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ìkanlẹ̀kùn lóru ló le jù fún ọmọ Yorùbá, nítorí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, “Ẹ wọlé” ni èsì rẹ̀, àgàgà bí ohùn náà bá jẹ́ ti àgbà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yẹn dúró sílé. Bí ohùn kan bá ní, “Màdámù, wọ́n ní kí n wá wo AC yín,” ẹ má sún mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ dá a lóhùn láti ibi tí ẹ wà pé, “Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.” Kí ẹ sì pè wọ́n lóòótọ́, lórí nọ́ńbà tí ẹ ti gbà sórí fóònù yín nígbà tí ẹ dé, kì í ṣe èyí tí ẹni tó wà níta bá kà fún yín. Òṣìṣẹ́ gidi kì í bínú sí èyí. Ẹni tó bá bínú, tó ń sọ pé ẹ kò ní ọ̀wọ̀, ti jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ ṣí i. Bí ó bá ń já ilẹ̀kùn, ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ní Èkó ẹ tún lè pe 767, kí ẹ sì pariwo. Ní tèmi, “Iná!” ni màá ké, nítorí gbogbo yàrá ni ọ̀rọ̀ iná kàn.

Bí aburú bá ti ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan fipá bá yín lò, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó fọ aṣọ. Ẹ kó aṣọ tí ẹ wọ̀ sínú àpò ìwé, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, èyí tó ń dènà oyún kò sì gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 120, bí ó bá sì ti yá tó ló ṣe dára tó. Ní Èkó, Mirabel Centre tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013 nínú LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì bá yín kọ̀wé sí máníjà òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n má ṣe pa ohun tí kámẹ́rà ká sílẹ̀ rẹ́, kó kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kó sì gba ìfọwọ́sí lórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, nítorí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ló ń fi tuntun bo ti àná mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.