Bí a ṣe ń pín ímeèlì domain kan sórí server ilé àti server ìta

Domain kan, server méjì: àpótí lẹ́tà àwọn kan wà lórí server inú ilé-iṣẹ́, ti àwọn yòókù wà lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ń sanwó fún níta, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń jẹ́ @example.com. Postfix, ètò tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́, ni mo ń lò fún ti ilé, òun náà ni n ó fi ṣàlàyé.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo orúkọ sínú fáìlì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé postmaster (àdírẹ́sì alábòójútó ímeèlì), ẹ má sì gbàgbé àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí MX, àkọsílẹ̀ DNS tó ń sọ server tí lẹ́tà domain yóò lọ bá, tọ́ka sí server ilé nìkan. Àwọn kan máa ń kọ méjèèjì síbẹ̀, ọ̀kan ní 10, èkejì ní 20, wọ́n rò pé MX yóò bá wọn pín lẹ́tà. MX kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tó kéré jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ bá. Bí ìyẹn kò bá dáhùn ni wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ èkejì. Bí TTL rẹ̀ (iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn mìíràn fi ń rántí rẹ̀) bá jẹ́ 86400, ẹ sọ ọ́ di 300 ní ọjọ́ kan ṣáájú kí ẹ tó yí i padà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ rèé. Server tó bá gbà pé òun ló ni domain máa ń gbà pé ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo èèyàn wà. Ká ní ilé ni àpótí Bọ́lá wà, tí ẹni tó wà lórí server ìta wá kọ̀wé sí i. Server ìta yóò wo inú ara rẹ̀, kò ní rí Bọ́lá, yóò sì dá lẹ́tà padà pẹ̀lú 550 5.1.1, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ ní wo MX rárá. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà àwọn oníbàárà ń dé ọ̀dọ̀ Bọ́lá dáadáa, nítorí náà ẹ ó máa rò pé kò síṣòro.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí server ìta máa fi orúkọ tí kò bá mọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ní Microsoft 365, ẹ yí domain kúrò ní Authoritative (ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo èèyàn wà) sí Internal relay (àwọn kan wà níbòmíràn), kí ẹ sì ṣe connector, ìyẹn ọ̀nà tí lẹ́tà yóò gbà, tó tọ́ka sí server ilé. Ó parí síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún server ilé pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: orúkọ kan tí wọ́n ṣì kọ ni server méjèèjì ń gbá síra wọn bí bọ́ọ̀lù, títí Postfix fi ka ìlà Received (àmì tí server kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà bá kọjá ń kọ sórí rẹ̀) tó ju 50 lọ kó tó dá a padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé "kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí", ẹni náà sì ni ẹni tí orúkọ gbogbo èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Server ilé ni.

Nítorí náà, nínú main.cf, fáìlì ètò Postfix, ẹ yọ domain kúrò nínú mydestination (àwọn domain tí gbogbo èèyàn wọn wà lórí server yìí), ẹ fi í sínú relay_domains (àwọn tó ń gba lẹ́tà wọn láti tì í síwájú), kí ẹ sì kó gbogbo orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀, tilé tìta, sínú relay_recipient_maps (orúkọ àwọn tí yóò gba lẹ́tà fún). Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú mydestination, Postfix yóò lé àwọn tó wà níta dànù, yóò ní "User unknown in local recipient table", kó tó wo transport, fáìlì tó ń sọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò lọ, rárá. Nínú transport, bí Kẹ́mi bá wà níta, tí Dovecot sì ni ètò tó ń tọ́jú àpótí lẹ́tà ilé:

example.com lmtp:unix:private/dovecot-lmtp
kemi@example.com smtp:[mx.example.net]:25

Àkámọ́ onígun mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láìsí i, Postfix yóò tún lọ wá MX orúkọ náà, lẹ́tà sì lè yí padà wá bá a. Ẹ ṣe postmap fún fáìlì méjèèjì, ti orúkọ àti ti transport, kí Postfix lè kà wọ́n, kí ẹ tó ṣe postfix reload, tó ń mú kó tún ètò rẹ̀ kà. Èmi kì í ṣe reload yìí láìkọ́kọ́ kọ soft_bounce = yes sínú main.cf: bí mo bá ṣàṣìṣe, ìkọ̀sílẹ̀ yóò di ti ìgbà díẹ̀, lẹ́tà kò ní ṣòfò.

Ẹ sọ fún àwọn ti ìta pé kí wọ́n fọkàn tán IP server ilé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà àwọn àlejò (àwọn tí kò sí ní domain yín) tí ẹ ń tì sí wọn yóò kùnà ní SPF, àkọsílẹ̀ DNS tó ń sọ IP tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ domain kan ránṣẹ́, ó sì lè bọ́ sínú spam. SPF tiyín náà, kí IP àwọn méjèèjì wà nínú ìlà kan ṣoṣo; v=spf1 méjì lórí domain kan ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ti DKIM, ìyẹn ìbuwọ́lùwé tí server ń fi sórí lẹ́tà, kí kálukú ní selector (orúkọ kọ́kọ́rọ́) tirẹ̀.

Ẹ wá dán an wò: láti ilé sí ìta, láti ìta sí ilé, láti ọ̀dọ̀ àlejò sí ilé, láti ọ̀dọ̀ àlejò sí ìta. Swaks, irinṣẹ́ tí a fi ń dán ímeèlì wò, ni mo fi ń ṣe é, àmọ́ àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ èyíkéyìí tó fún àlejò. Ẹ máa wo mailq, tó ń fi lẹ́tà tó ń dúró hàn, bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bí kò bá sí ohun tó ń dúró níbẹ̀ mọ́, ẹ yọ soft_bounce kúrò, ẹ tún ṣe reload, kí ẹ wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí orúkọ tí kò sí. Ìkọ̀sílẹ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó padà wá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ pé server ilé ló kọ̀ ọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó dá TTL padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.