Owó tí mo ná kí pọ́díkáàsì wa àkọ́kọ́ tó jáde láti Ìyàrá

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ṣì ń bí mi ni mo ṣe ń kọ èyí, torí mi ò fẹ́ kí obìnrin míì tún ná irú owó tí mo ná. ₦15,000 ni mo san fún ọkùnrin tó bá wa gba ohùn sílẹ̀, ìyẹn ò dùn mí, ó ṣiṣẹ́. Èyí tó dùn mí wọra ni ₦21,400 tó bá dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọkọ̀ lọ lẹ́yìn tí a ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tán, tó jẹ́ pé ká ṣáà gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Mọ́pà la jọ ń ṣe pọ́díkáàsì náà, ètò bíi ti rédíò tí èèyàn ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi tó ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ là ń gbé jáde. Mo fẹ́ràn pọ́díkáàsì gan, àwọn bíi FK Abudu àti Jola Ayeye ti ń ṣe tiwọn láti 2017, mo máa ń gbọ́ wọn bí mo bá ń dáná, àmọ́ bí mo bá gbọ́ tán màá máa rò ó pé Búnú ńkọ́, Ìjùmú ńkọ́, Yàgbà ńkọ́, ta ló ń jókòó ti àwọn màmá tiwa kó bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Màmá ahunṣọ kan ní Búnú la kọ́kọ́ lọ bá. Òfì obìnrin ni tiwọn, èyí tó máa ń dúró lóòró tí aṣọ rẹ̀ máa ń fẹ̀, kì í ṣe ti ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́. Wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí wa, wọ́n ń hun, wọ́n ń dáhùn, apásá, igi tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra, ń ró gbì, gbì, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀ ẹ máa gbọ́ tí apásá á dákẹ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra òwú náà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n máa ń lò níbi ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, apásá dákẹ́ pẹ́, ọ̀rẹ́ mi ti ń nu ojú. Ìṣẹ́jú 62 gbáko. Mo lè fi ohùn yẹn yangàn níbikíbi.

Ọ̀rọ̀ máìkì, ìbéèrè tí a kọ sílẹ̀, àwòrán iwájú rẹ̀ (onígun mẹ́rin ni o, píksẹ́lì 3000 sí 3000), mi ò ní fìyẹn dá yín dúró, ẹ máa rí i ṣe.

Wàhálà dé nígbà tí ọkùnrin yẹn kó iṣẹ́ fún mi sínú fláàṣì. Ó ní "Àǹtí, ó ti ṣe tán, ẹ kàn gbé e sókè ni". Mo dúpẹ́, mo lọ sílé, mo ra dátà òru torí òun ló rọjú, láti January 2025 tí ìjọba ti fọwọ́ sí i kí wọ́n fowó kún dátà títí dé 50% a ò lè máa fi tọ̀sán ṣeré mọ́. Aago méjìlá òru mo tan jẹnẹrétọ̀ torí kò sí iná, mo so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí ìkànnì tó ń bá èèyàn tọ́jú pọ́díkáàsì. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, 10%, 30%, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná, ìgbà tó máa dé 83% nẹ́tíwọọ̀kì já. Mo rò pé á tẹ̀síwájú láti ibẹ̀, kò tẹ̀síwájú o, òdo ló padà sí, dátà tó ti jẹ kò sì dá a padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó dé 41%, aago márùn-ún lu, dátà òru tán.

Òru mẹ́ta ni mo fi ṣe báyìí. Ọkọ mi ní kí n sùn, mi ò sùn. Ní ọjọ́ kẹrin mo wọ mọ́tò lọ sí Kábbà torí wọ́n ní nẹ́tíwọọ̀kì dáa níbẹ̀, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan láti àárọ̀, ó dé 97%. 97% ẹ̀yin èèyàn! Ó tún já. Mo padà sílé, mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, pàbó náà ni. Nígbà tí mo máa fi ṣírò ẹ̀, dátà tí mo ti lò ti lé ní 5GB, kò sì sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohùn màmá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló pè láti kí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún un, ló bá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, "Àǹtí, báwo ni fáìlì yẹn ṣe tóbi tó?" Mo wò ó, ó lé ní 1GB. Ó pariwo.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí. WAV ni wọ́n kó fún mi, fáìlì tí wọn ò fún pọ̀ rárá, ìyẹn dáa fún ẹni tó ṣì fẹ́ gé, fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé jáde. Wọ́n tún fi stéríò ṣe é, bẹ́ẹ̀ máìkì kan la lò, ohùn kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún àti òsì. Ó ní kí n fi Audacity ṣí i, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ọ̀fẹ́ ni, kí n sọ ọ́ di mono, ìyẹn ohùn kan ṣoṣo dípò méjì, kí n wá gbé e jáde ní MP3, fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀. Mo kọ́kọ́ lo 64kbps (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni fáìlì á ṣe kéré tó), ó di nǹkan bíi 30MB! Láti 1GB! Ohùn ọ̀rọ̀ mọ́ kedere, àmọ́ mo fi íápíìsì gbọ́ ìró apásá, kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó rí pẹlẹbẹ, ni mo bá tún un ṣe ní 96, ó di 45MB. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan lẹ fẹ́ sọ, 64 ti tó yín. Ẹ má pa WAV yẹn rẹ́ o, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú fláàṣì, àmọ́ ilé ni kó wà.

Mo gbé 45MB yẹn sókè nínú ilé mi ní Ìyàrá, ní ọ̀sán gangan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo pariwo, àwọn ọmọ sáré wá. Líǹkì RSS, àdírẹ́sì pọ́díkáàsì wa tí wọ́n fún mi lórí ìkànnì yẹn, ni mo fi sí Spotify àti Apple Podcasts tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ pọ́díkáàsì, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń ṣe ìyẹn, àwọn ètò tuntun tó bá tẹ̀ lé e á máa lọ síbẹ̀ fúnra wọn.

Mo pe ọkùnrin yẹn o. Ó ní mi ò béèrè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè ohun tí mi ò mọ̀ pé ó wà? Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá fi sọ ọ́ di MP3 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó ẹnikẹ́ni tán, ẹ ní kó fi fáìlì méjèèjì, WAV àti MP3, sínú fláàṣì yín, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín wo bó ṣe tóbi tó níbẹ̀.

Àwa ti gbé èkejì jáde lọ́jọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú 53, 38MB. Dátà tó jẹ kò tó ₦100.