Ohun tí ń jẹ owó yín nínú àká dátà kì í ṣe olè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan nídìí iṣẹ́ dátà fi bíìlì oṣù kan ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó jọ pé wọ́n ti jí password wa." Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Olè kankan ò wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń da owó náà nù tọ̀sán-tòru, SQL (èdè tí a fi ń bi dátà ní ìbéèrè) oníìlà mẹ́ta ló sì fi ń dà á nù.

Ó ti sú mi. Mi ò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni ní SQL níbí, mi ò sì ní í ṣàlàyé ohun tí data warehouse, ìyẹn àká dátà, jẹ́. Ẹni tó bá ti ń kó dátà ilé iṣẹ́ wọ inú àká yìí, tó ń tò ó, tó ń ṣírò nínú rẹ̀, ni mo ń bá wí. Bí ohùn mi bá le, ẹ má bínú: gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ni èmi náà ti ṣe, àfi ẹyọ kan.

1. SELECT * (ìràwọ̀ yẹn ní kí ó kó gbogbo kọ́lọ́mù wá) tí a so LIMIT 10 (kó fi ìlà mẹ́wàá péré hàn) mọ́ nídìí. Kọ́lọ́mù-kọ́lọ́mù ni àká ń to dátà, kì í ṣe ìlà-ìlà bíi database tí ẹ fi ń tajà. Nítorí náà, iye ìlà tí ẹ fojú rí kọ́ lẹ ń sanwó fún. Ẹ wo BigQuery, àká dátà ti Google: ẹni tí kò bá ra agbára sílẹ̀ ṣáájú, iye báìtì tí ìbéèrè rẹ̀ bá kà ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó rẹ̀. Tábìlì ní kọ́lọ́mù 80, mẹ́ta lẹ nílò, ẹ wá kọ ìràwọ̀. Gbogbo 80 lẹ kà yẹn. Ẹ tún fi LIMIT 10 sí i, ọkàn yín balẹ̀ pé ẹ ti ṣọ́wó ná. Lórí tábìlì tí a kò ṣe clustering (títo àwọn ìlà tó jọra sún mọ́ra) fún, LIMIT yẹn kò dín nǹkan kan kù nínú owó náà. Ẹ ti tú gbogbo àpótí aṣọ sílẹ̀ tán kí ẹ tó mú fìlà kan. Bí ó bá ṣe pé ẹ kàn fẹ́ rí bí dátà ṣe rí ni, Preview wà, kì í gba owó. Iye báìtì tí ìbéèrè máa kà sì ń hàn kí ẹ tó tẹ Run. Ẹ máa wò ó.

2. Tábìlì ńlá tí kò ní partition, ìyẹn pípín in sí apá-apá kí ìbéèrè má bàa ka gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in ní ọjọ́-ọjọ́, kí ẹ sì rántí fi ọjọ́ náà sínú WHERE, ibi tí ẹ ti ń sọ ìlà tí ẹ fẹ́. Mo ti rí ẹni tó pín tábìlì dáadáa, tí kò wá dárúkọ ọjọ́ kankan nínú ìbéèrè rẹ̀.

3. INSERT (àṣẹ tí ń fi ìlà tuntun sínú tábìlì) ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nígbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹ kó o jọ sínú fáìlì, kí ẹ kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

4. Dashboard (ojú ewé tí ń fi àwòrán ìṣirò hàn) tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn. Ẹ fún mi láyè níbí, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Dátà ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, aago méjì òru. Dashboard ń tún ìbéèrè bi ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìgbà 288 lójúmọ́. Bí àwòrán 12 bá wà lórí dashboard náà, ìbéèrè 3,456 nìyẹn, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà títí aago méjì òru mìíràn fi máa lù.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lórí Snowflake, àká dátà mìíràn. Ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ bá fi wà lójúfò lẹ ń sanwó fún, ìgbàkígbà tó bá sì jí, ó kéré tán ẹ ó san ti ìṣẹ́jú àáyá 60. Èyí tó kéré jù, X-Small, ń jẹ credit 1 (òṣùwọ̀n tí Snowflake fi ń ka owó) ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ló ń di ìlọ́po méjì, títí tí Large fi ń jẹ 8. Large tí kò bá sùn láti àárọ̀ kan dé èkejì ti jẹ credit 192. Bẹ́ẹ̀ ẹ sì ti ṣètò auto-suspend: ẹ ní kí ẹ̀rọ sùn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá láìsí iṣẹ́. Iṣẹ́ ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà wo ló fẹ́ sùn?

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Èmi náà ṣe é, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọ̀gá kan ló ní òun fẹ́ dashboard tí yóò máa ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Mo ní "ó ti yá, sà". Àká tí a ń lò nígbà náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Bí ìbéèrè kan náà bá padà wá, tí dátà ò sì tíì yí padà, ìdáhùn tó ti fi pamọ́ ló máa ń gbé síta, láìjí ẹ̀rọ rárá. Ṣùgbọ́n èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti fi CURRENT_TIMESTAMP sínú gbogbo ìbéèrè méjèèjìlá, kí ìsàlẹ̀ dashboard lè máa kọ "A tún un ṣe ní aago báyìí báyìí". Ìbéèrè tó bá ti ń bèèrè aago kì í rí ìdáhùn àtẹ̀yìnwá gbà. Nítorí ọ̀ṣọ́ kékeré yẹn, ẹ̀rọ ń ṣe gbogbo ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà 288 lójúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí bíìlì dé etí àwọn tó ń sanwó, mo wá lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣí dashboard náà. Ẹnì kan ṣoṣo. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó tún máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni!

Mo yọ aago náà kúrò, mo ní kí dashboard máa tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí dátà bá wọlé tán, mo dín auto-suspend kù sí ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá ò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà títí dòní.

5. JOIN tó ń bí ìlà sí i. Oníbàárà kan ra ọjà owó 50,000, ó pín owó náà san lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ so tábìlì ọjà mọ́ tábìlì owó sísan, ìlà kan di méjì, SUM yín, ìyẹn àròpọ̀, sì sọ pé ọjà owó 100,000 lẹ tà. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Nígbà tí ẹnì kan bá wá fura, wọ́n á sáré kọ SUM(DISTINCT), tó ń ka iye tó bá jọra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí oníbàárà méjì tó ra ọjà 50,000 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti di ẹnì kan. Ẹ kó owó sísan jọ sí ìlà kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan ná, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ó ti pẹ́ tí Ralph Kimball, ẹni tó kọ ìwé lórí àká dátà, ti ń sọ ọ́ pé kí ẹ tó kọ́ tábìlì, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlà kan dúró fún. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Owó nínú FLOAT, tí kì í pa ìdá owó mọ́ gẹ́lẹ́: ẹ jọ̀ọ́, NUMERIC tó ń pa á mọ́ gẹ́lẹ́ wà.

Ìkówọlé tí a kò lè tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì náà ń bẹ. Iṣẹ́ òru já lágbede méjì, ẹnì kan jí láàárọ̀, ó tún un tẹ̀, ìdajì dátà sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa ti ọjọ́ yẹn rẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ padà, tàbí kí ẹ lo MERGE (tó ń tún ìlà tó ti wà ṣe, tó sì ń fi tuntun kún un) pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó dájú, ìyẹn nọ́ńbà tí ìlà méjì kì í jọ ní. Ẹ má sì pa dátà bó ṣe dé láti orísun rẹ́ láé. Ọjọ́ tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò yín lẹ máa wá a.

Ìpíndọ́gba àwọn ìpíndọ́gba kì í ṣe ìpíndọ́gba. NOT IN ("tí kò sí nínú àtòkọ yìí") tí NULL (àyè tí a kò kọ nǹkan sí) kan ṣoṣo bá wà nínú àtòkọ rẹ̀, òfo ló máa dá padà, kò sì ní í sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹyọ kan tí mi ò ṣe rí wá kù: kí á fi Excel ṣe afárá láàárín orísun àti àká. Ó máa ń gé òdo iwájú nọ́ńbà fóònù, ó ń sọ kóòdù ọjà di ọjọ́. Ìlà 1,048,576 ló lè gbà lójú ewé kan. Fọ́ọ̀mù XLS àtijọ́ ò ju 65,536 lọ. Ní ọdún 2020, irú fáìlì XLS yẹn ló jẹ́ kí ènìyàn 15,841 tó ní Kòrónà fò kúrò nínú òǹkà ojoojúmọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 25 Oṣù Kẹsàn-án sí 2 Oṣù Kẹwàá.

Ẹ ṣì fẹ́ mọ ohun tí àbúrò mi ṣe. SELECT * ni, lórí tábìlì tó tóbi jù lọ tí wọ́n ní, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní òun fi ń wò ó bóyá dátà tuntun ti wọlé ni. Mo fi hàn án pé àká ti kọ aago tí tábìlì yí padà kẹ́yìn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sídìí fún kíka ìlà kan. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́."