Owó tí àwọn èèyàn ń sọ nù lórí fóònù “unlocked” láti òkè òkun

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé fóònù tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà wọ Computer Village n'Ìkẹjà pé kí wọ́n bá àwọn ṣí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó fóònù tó ṣí tẹ́lẹ̀, ìyẹn “unlocked”, tó lè gba SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì èyíkéyìí. Owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọjà kan ṣoṣo! Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ *#06# kí IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó ní dígítì 15, lè yọ, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ń ta iPhone tuntun ní ìdajì owó. Mi ò ní padà sórí ìyẹn. Àwọn àṣìṣe tó kù tó ń gbówó lọ nìyí:

1. Gbígbà pé “unlocked” tí olùtajà kọ ti parí ọ̀rọ̀. Ìdè tó lè wà lára fóònù kan tó mẹ́ta: ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kọ́kọ́ tà á, ti àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ (iCloud tàbí Google), àti ti ilé-iṣẹ́ tó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ lò, èyí tí wọ́n ń pè ní MDM. Ẹni tó kàn yọ pásíwọ́ọ̀dù ojú rẹ̀ lè kọ “unlocked” sí i, kó sì dá a lójú pé òun ò purọ́. Ẹ ní kó ṣe fídíò kan tí kò já: kó tẹ *#06#, tó bá jẹ́ iPhone, kó wọ Settings, General, About, kó sún un dé Carrier Lock. “No SIM restrictions” ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kó tún un tàn, kẹ́ ẹ rí i pé kò béèrè ímeèlì ẹnikẹ́ni, kò sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Tó bá ní òun ò ráyè, ẹ kọjá lọ.

2. Ríra èyí tí wọ́n fi chip ṣí. R-SIM ni: nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tẹ́ mọ́ SIM kó lè tan fóònù jẹ. Ẹ bá ti ṣe update tàbí ẹ pa inú rẹ̀ rẹ́, ó lè padà sínú ìdè, kò sì wúlò fún eSIM (SIM tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe káàdì) rárá. Ẹ ní kí olùtajà fa àwo SIM jáde níwájú kámẹ́rà.

3. Jíjẹ́ kí ará ilé tó wà lọ́hùn-ún fi SIM tirẹ̀ dán an wò. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Àbúrò yín ní Houston gba fóònù, ó ki SIM tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.” Kí ni kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́? T-Mobile ló dè é, SIM T-Mobile ló fi sí i. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹni kì í ṣàìṣí ilẹ̀kùn ilé ẹni. SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ló yẹ kó fi sí i, ti ilẹ̀ wa ló sì dára jù. Ẹ fi SIM MTN tàbí Airtel kan rán ẹni tó ń lọ sí i, kó máa tọ́jú rẹ̀. Kò nílò owó nínú, kò sì pọn dandan kó gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí iPhone náà bá wà nínú ìdè, “SIM Not Supported” ni yóò kọ. Tó bá jẹ́ Android, yóò béèrè unlock code.

Tí kò bá sí ará ilé lọ́hùn-ún, àdírẹ́sì oníkárígò lẹ máa lò, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ tún ti ń bàjẹ́. eBay ń fún olùrà ní ọjọ́ 30 láti ráhùn, àmọ́ ọjọ́ tí ẹrù dé àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fún wọn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó dé Ìbàdàn. Tí oníkárígò bá kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, gbèdéke ti kọjá kẹ́ ẹ tó fojú kàn án. Yàtọ̀ síyẹn, ààbò náà kì í tẹ̀ lé ẹrù tí wọ́n bá ti tún fi ránṣẹ́ kúrò ní àdírẹ́sì àkọ́kọ́. Nítorí náà, ibi tó bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn oníkárígò kan ń gbowó díẹ̀ láti tú ẹrù wò. Ẹ san án. Kí wọ́n tàn án, kí wọ́n fi IMEI rẹ̀ wé ti fídíò, kí wọ́n ya fọ́tò About fún yín, kí wọ́n tó dì í padà.

Sísanwó ní Zelle (ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà fowó ránṣẹ́ láti báǹkì), gift card tàbí PayPal “Friends and Family”: owó yẹn ti lọ nìyẹn. “Goods and Services” nìkan ni PayPal ń dáàbò bò.

Ríra fóònù tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ló ń san owó fóònù díẹ̀díẹ̀. AT&T kì í ṣí èyí tí wọn ò tíì san tán, IMEI tó sì mọ́ lónìí lè wọ blacklist (àkọsílẹ̀ àwọn fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dí) lóṣù tó ń bọ̀ tí olùtajà bá dáwọ́ owó dúró. Ẹ béèrè rìsíìtì ìsanwó ìkẹyìn. Tí kò bá sí ohun tó so yín mọ́ Amẹ́ríkà, ẹ yà sí Kánádà tàbí ìlú ọba: Kánádà ti fòfin de títa fóònù tó wà nínú ìdè nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti December 1, 2017, ìlú ọba náà ṣe é ní December 17, 2021. Tòkunbọ̀ tó ti wà ṣáájú ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣì nílò àyẹ̀wò o.

Gbígbàgbé ihò SIM. Láti orí iPhone 14, ti Amẹ́ríkà kò ní àwo SIM rárá, eSIM nìkan ló ń lò, torí náà ẹ ò lè fi káàdì SIM dán an wò bí mo ṣe sọ lókè. Model Number (ó wà nínú About) tó parí sí LL/A lẹ máa fi mọ ti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú ti Hong Kong, ZA/A, ń gba SIM gidi méjì.

Ẹ ṣọ́ band náà, ìyẹn ìgbì rédíò tí fóònù lè gbà. Ti Glo 700 MHz, band 28 ni. Ti MTN 2600 MHz, band 7 ni. 5G tiwa wà lórí n78. Fóònù Amẹ́ríkà àtijọ́ tó jẹ́ pé 850 àti 1900 nìkan ni 3G rẹ̀ mọ̀ kò ní gbé 3G wa, nítorí 900 àti 2100 là ń lò.

Xiaomi ti China tí olùtajà fúnra rẹ̀ fi Global ROM (sọ́fítíwéà ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn) sí: ẹ má ṣe update rẹ̀, ó lè má tàn mọ́. Ẹ kúkú má rà á.

Ṣájà ìlú ọba wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tààrà. Ti Amẹ́ríkà nílò adapter, ẹ sì ka ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná: “Input 100–240V” ló yẹ kó wà níbẹ̀.