Bí A Ṣe Ń Jí Fákúùmù Àtijọ́ Dìde, Pẹ̀lú Ẹnu Rẹ̀ Tó Ní Mọ́tò

Fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa erùpẹ̀ kúrò nílẹ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní Adó-Èkìtì ò lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó tà á fún mi lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kí n ṣáà ti gbé e délé kí n tan iná sí i. Mo tan iná sí i. Ó han gooro, èéfín sọ, òórùn wáyà jíjó gba gbogbo pálọ̀. Ìgbà tí mo dojú ẹ̀ dé ni mo tó rí i lára páálí irin kékeré tó wà nídìí rẹ̀ pé 120 fóòtì ni. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Iná tiwa, 230 ni, ó sì máa ń gun òkè 240 lọ́jọ́ mìíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan iná kankan sí i, ẹ ka ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 120 fóòtì àti áńpíà 10 ni wọ́n kọ, wáàtì 1200 nìyẹn. Tíránsífọ́mà tó ń fa iná wálẹ̀ lẹ máa rà, kí ẹ sì ra ti wáàtì 2000 sókè, torí pé mọ́tò máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń gbéra, iye tí wọ́n sì ń kọ sára àwọn tíránsífọ́mà kan, ariwo ẹnu lásán ni. Tí ẹ bá rí hertz 60 níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. 50 tiwa ò ní pa mọ́tò oníkábọ̀n lára. Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú lọ ríwáyà ẹ̀ sí 240, ìyẹn ni kí wọ́n tún wáyà inú mọ́tò wé. Èmi ò fara mọ́ ọn. Mọ́tò yìí ń yí ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹni tó ríwáyà ẹ̀ ò bá jẹ́ kó wọ̀n dọ́gba, á máa gbọ̀n títí á fi fọ́ bíárìn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” ò lè gbé e, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wá ṣí i. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín lọ́la. Gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ fọ́kànáísà kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kí ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ìdọ̀tí ogójì ọdún ni.

Kábọ̀n méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí sípíríǹgì ń tì mọ́ kọ́pà, òrùka onígèé-gèé tó ń bá mọ́tò yí. Èyí tó bá ti kù tó mìlímítà 6 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń tún dírìlì ṣe ní i. Ẹ mú ti àtijọ́ dání. Tó bá tóbi díẹ̀, sáńpépà á dín in kù. Tó bá kéré, ẹ dá a padà, torí á máa mì nínú ilé rẹ̀, iná á sì máa ta pàrà. Sáńpépà kíkúnná náà lẹ máa fi nu kọ́pà, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ họ àárín àwọn ègé rẹ̀. Bíárìn tó bá ń dún bí ata tí wọ́n ń dín, ẹ yọ ọ́. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ 608, inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ìta rẹ̀ 22, nínípọn rẹ̀ 7, kì í sì í wọ́n.

Wáyà àtijọ́ máa ń sán bí ẹsẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Ẹ fi oníwáyà mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ tí ara ẹ̀rọ bá jẹ́ irin, kí ẹ de aláwọ̀ ewé mọ́ irin náà, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tíránsífọ́mà náà sì ní ihò áàtì tó já sí áàtì ilé. Ọ̀pọ̀ tíránsífọ́mà yìí ò ya iná ilé sọ́tọ̀, ó ṣì lè gbé èèyàn. Ẹ gbé mítà tí àwọn oníná fi ń wọn wáyà sí ibi tó ti ń dún, kí ẹ fi wọn ẹsẹ̀ iná méjèèjì púlọ́ọ̀gì sí ara irin: kò gbọdọ̀ dún.

Ẹnu rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mọ́tò kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń yí róólà onírun, òun ló ń lu rọ́ọ̀gì kí erùpẹ̀ tó gòkè. Láìsí i, òkè rọ́ọ̀gì nìkan ni fákúùmù ń gbá, erùpẹ̀ pupa Èkìtì á sì jókòó sídìí. Ní ilé tí obìnrin bá pọ̀ sí, irun àtọwọ́dá ló máa ń dè é pa. Ẹ fi abẹ rẹ́ ẹ ní gígùn róólà, ẹ fà á já, kí ẹ wo orí róólà méjèèjì, torí ibẹ̀ ni irun máa ń wọ̀ lọ fara pamọ́ sí tí bíárìn á fi gbẹ.

Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí mọ́tò fi ń yí róólà, tó bá ti dẹ̀, mo ti gé túùbù ọ̀kadà ní òrùka fi dípò rẹ̀ rí. Ó gbé mi fún oṣù mẹ́ta. Onéhín kò ṣeé fi túùbù ṣe.

Iná ẹnu yìí ń gba inú họ́ọ̀sì kọjá, ibi tí ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ ni wáyà ti ń já. Ẹ fi mítà dì í mú, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ń dún tó tún ń dákẹ́, ó ti já. Ẹ má tú họ́ọ̀sì. Ẹ na wáyà rírọ̀ tuntun gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi okùn ọ̀rá dè é ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má le, torí họ́ọ̀sì máa ń nà. Ibi tí ẹ bá ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì kékeré so ó pọ̀, ihò ni kó wà lápá ibi tí iná ti ń bọ̀, irin ni kó wà lápá mọ́tò, kí irin oníná má baà yọ síta. Èmi fi súwíìṣì kékeré sí ibi ọwọ́, kí n lè pa róólà tí mo bá dé orí táìsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa fọ́n gààrí ilẹ̀ ká gbogbo kíṣìnì.

Àpò bébà rẹ̀ ò sí lọ́jà wa. Aṣọ tí wọ́n fi ń rán ìbòmú ni mo ní kí télọ̀ rán ní ìṣẹ́po méjì, ó sì ń gba eruku kíkúnná ju kọ́tìnnì lọ.

Tan án fún ìṣẹ́jú 20, pa á, kí ẹ fọwọ́ kan ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Tí kò bá ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ ṣí àpò wò bóyá ó ti dí, kí ẹ tó fura sí mọ́tò.