Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Di Olùdíje Nínú Ijó Orí Yìnyín

Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fẹsẹ̀ kan yìnyín ṣì lè díje. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ U.S. Figure Skating ń ṣe ìdíje àpapọ̀ fún àgbàlagbà tó bá ti pé ọdún 21, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Wilmington, ní ìpínlẹ̀ Delaware, lọ́dún 1995. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí eré orí yìnyín, ISU, náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2005, ní Oberstdorf, ìlú kan láàárín òkè gúúsù Jámánì. Ẹni ọdún 28 sókè ni wọ́n ń gbà síbẹ̀.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí. Èyí tí wọ́n ń yáni ní pápá yìnyín máa ń rọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń kú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ wọn ẹsẹ̀ yín, kí bàtà náà dì mọ́ ẹsẹ̀ típẹ́típẹ́, kí gìgísẹ̀ má sì gbéra nínú rẹ̀ bí ẹ bá tẹ orúnkún. Ẹ dojú irin náà dé kí ẹ wò ó: wọ́n gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀, èyí ló fi ní etí méjì, etí inú àti etí òde. Bí ẹ bá rọra fa èékánná gba orí etí náà tí kò ha èékánná, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọn.

Ẹ kọ́ ṣíṣubú ṣáájú fífò. Bí ara bá ti ń yẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìdí balẹ̀, ẹ má na ọwọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì di ìka yín sínú ẹ̀ṣẹ́ kí irin ẹlòmíràn má bàa gé e. Eegun àgbà kì í tètè jinná bíi ti ọmọdé. Ẹ dé akoto, ẹ má tijú.

Lójú tèmi, ohun tó ń dá àwa àgbà dúró jù ni pé à ń kánjú fò, nígbà tí etí irin kò tíì gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Fífò tí wọ́n ń pè ní Lutz ń gbéra láti etí òde, èyí tí wọ́n ń pè ní Salchow ń gbéra láti etí inú, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo fífò ńlá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń balẹ̀ sórí etí òde pẹ̀lú ẹ̀yìn. Nítorí náà, lójoojúmọ́ tí ẹ bá wọ pápá, ẹ fi ẹ̀yìn yọ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, kí ipa ọ̀nà yín tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, kí ẹ sì padà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo yìnyín. Bí ẹ bá rí ìlà méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn, irin yín dúró gbalaja ni. Ìlà kan ṣoṣo ni etí ń fà. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá mọ́ yóò pòyì bí òkòtó láìṣí kúrò lójú kan.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò yan ipele. Ní ìdíje ISU, ipele idẹ kò gba Axel, ìyẹn fífò tí a ń kọjú síwájú gbéra, ti fàdákà gba Axel ẹyọ kan ṣùgbọ́n kò gba fífò oníyípo méjì, ti wúrà sì gba díẹ̀ nínú wọn. Ẹ yan èyí tí ẹ lè ṣe nígbà tí àyà bá ń já. Láti ọdún 2018 ni àwọn adájọ́ ti ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti −5 dé +5, fífò kékeré tó mọ́ sì lè pé yín ju ńlá tó wọ́ lọ.

Orin tó ní ọ̀rọ̀ ti di ìtẹ́wọ́gbà láti ọdún 2014, jùjú tàbí fújì lè bá yín wọ pápá. Kóòṣì yín ni yóò gé e mọ́ àsìkò.

Bí ẹ bá jáde, ẹ nu irin náà gbẹ kẹ́ríkẹ́rí. Ike tí ẹ fi ń bo irin láti rìn kiri kò gbọdọ̀ sùn lórí rẹ̀ nínú báàgì, nítorí omi inú rẹ̀ ni yóò mú etí náà dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́.