Bí A Ṣe Ń Mú Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ Kankéré Gbẹ Lẹ́yìn Tí Páìpù Bá Jò

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kankéré máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ nù ún lónìí, lọ́la ojú rẹ̀ ti funfun, ẹ sì ti tẹ́ rọ́ọ̀gì padà. Kò ní pẹ́ tí yàrá á fi máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Ojú nìkan ló gbẹ. Omi tó ti wọ inú kankéré kì í jáde wéré.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé jíjò ti dá. Ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ lálẹ́, ẹ ki ọ̀pá gbígbẹ bọ inú tánkì títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ fàlà síbi tí omi dé lára rẹ̀. Ẹ má pọn omi kún un mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ tún ki ọ̀pá náà bọ inú tánkì. Bí omi bá ti relẹ̀, ó ṣì ń jò níbì kan, ẹ má tíì ṣe wàhálà.

Bí omi bá dé ìtòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa iná níbi mítà kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹ kó rọ́ọ̀gì àti fóòmù síta sínú oòrùn. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ló burú jù, nítorí atẹ́gùn kì í gba inú rẹ̀. Ẹ fi àkísà fa omi, ẹ máa fún un sínú garawa.

Ẹ gbé fáànù onídúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba orí ilẹ̀ kọjá lọ sójú fèrèsé. Bí fèrèsé bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ tútù kan náà ni fáànù ń rò pọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí fèrèsé láti àárọ̀. Nígbà òjò ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ tutù: ìgbà tí oòrùn bá mú, bí aago 11 sí 4, ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ tì í lálẹ́. Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọlé o, ó ń pani láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Sítóòfù kẹrosíìnì sì ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń jó.

Bí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bá yọ, iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì ni. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a. Omi á tún dá a padà sínú.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé náílọ̀nù tó mọ́ gaara, sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú lóròó, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ pinpin, níbi tí oòrùn ò dé. Lẹ́yìn wákàtí 16, ẹ ṣí i. Bí omi bá ń sẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ dúdú ju àyíká lọ, rọ́ọ̀gì ò tíì yá. Ẹ dán an wò níbi méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe ọjọ́.

Bí náílọ̀nù bá ń làágùn ṣáá, tí ọ̀pá inú tánkì sì ní kò sí ohun tó ń jò, ìsàlẹ̀ ni omi ti ń gòkè wá. Ó wọ́pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láìtẹ́ náílọ̀nù sábẹ́ kankéré. Fáànù ò lè ran ìyẹn. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́.